Ẹsẹ̀ tó rọ́ lórí pápá bọ́ọ̀lù, oṣù kẹta rèé ìrora ò lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Télọ̀ Ọjà Ọba

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí, ó máa gùn díẹ̀. Bọ́ọ̀lù Sátidé tí a máa ń gbá láàárọ̀ níbí ní Àkúrẹ́ ni mo ti ṣèṣe, ó ti di ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá báyìí. Òjò ti gbẹ́ pápá yẹn, mo sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, iwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kó sínú kòtò kékeré kan, gìgísẹ̀ mi wà lókè, kí n tó fà á yọ ẹnì kan ti ṣubú lé e látẹ̀yìn. Mo gbọ́ "kọ́". Kì í ṣe kókósẹ̀ ló ń dùn mí o, ààrin ẹsẹ̀ lókè níbẹ̀ ni, ibi tí okùn bàtà máa ń wà. Ó wú lọ́jọ́ yẹn, nígbà tó di ọjọ́ kejì àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti dúdú bí ẹni da yíǹkì sí i.

Mo ya X-ray lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní eegun kankan ò ṣẹ́, pé iṣan ló fà, kí n lọ sinmi. Mo sinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Látìgbà yẹn omi gbígbóná àti iyọ̀, Aboniki, Robb, òrí, gbogbo ẹ̀ ni mo ti fi ra á. Ẹ ò sì gbàgbé pé aṣọ ni mò ń rán, ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn gan-an ni mo fi ń tẹ maṣíìnì. Tí mo bá ti rán ṣòkòtò méjì, ààrin ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, tó bá di alẹ́ mi ò ní lè gun àtẹ̀gùn ilé wa láì di ògiri mú. Wọ́n fún mi ní diclofenac ní kẹ́místì, mo ti ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti bí oṣù kan àbọ̀, ṣùgbọ́n àyà ti ń ta mí báyìí tí mo bá jẹun tán.

Kí ni kí n ṣe? Àwọn kan ní kí n lọ bá àwọn tó ń to eegun, àwọn kan ní kí n ṣe ọkàn akin. Ohun tó dùn mí jù ni pé torí X-ray yẹn ò rí nǹkan kan, àwọn ará ilé mi ti ń rò pé iṣẹ́ ni mò ń sá fún. Èmi tí mo gbé ẹsẹ̀ rìn mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

Kápútéènì Ọ̀dà Road

Bọ̀dá Télọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Èmi ni mo gbé yín sórí ọ̀kadà lọ́jọ́ náà, ó sì ń dùn mí di báyìí pé èmi náà ni mo kọ́kọ́ pariwo pé kẹ́ ẹ dìde kẹ́ ẹ gbọn ẹsẹ̀ yẹn nù. A ò mọ̀ ni.

Ṣé ẹ rántí 2002? Oṣù kẹrin ọdún yẹn ni eegun kan ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ òsì Beckham, ìgbà yẹn lọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ gbọ́ metatarsal, eegun gígùn tó lọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹfà ó ti wà ní Japan, grúùpù kan náà la jọ wà, ó sì gbá a pẹ̀lú àwọn Super Eagles wa, ọ̀mì 0-0 ló jẹ́. Àtìgbà yẹn ni àwa tá a ń gbá bọ́ọ̀lù ti gbà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti tó fún eegun ẹsẹ̀ yòówù kó jẹ́. Irọ́ ni. Ẹ wo Yao Ming, ọmọ Ṣáínà gíga tó ń gbá basketball, eegun ẹsẹ̀ tiẹ̀ sán ní 2008, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ó padà sórí pápá, ó tún sán, nígbà tó di 2011 ó fi eré sílẹ̀ pátápátá, ọmọ ọgbọ̀n ọdún péré ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀sẹ̀ fún yín. Ti bọ́ọ̀lù oṣù Kejìlá, mo ti yọ orúkọ yín kúrò nínú àwọn tó máa gbá a, inú mi ò dùn sí i ṣùgbọ́n mo ti yọ ọ́.

Mummy Ìbejì Ọba-Ilé

Ọmọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́, Olúwa á fọwọ́ tọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáwọ́ rírà yẹn dúró ná. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ mi ọkùnrin, ó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà yẹn, ó ṣubú níbi eré ìdárayá ilé ìwé wọn, ẹsẹ̀ wú, a ya X-ray, wọ́n ní kò sí nǹkan. Èmi fúnra mi ni mo ń fi omi gbígbóná àti òrí ra á láràárọ̀, ọmọ á máa ké, èmi á ní kó fara dà á, pé ẹ̀jẹ̀ tó dì ni mo fẹ́ kó tú. Ẹsẹ̀ yẹn ń wú sí i. Nígbà tó pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dókítà mìíràn ní ká tún un yà, ìlà tínńrín sì wà lára eegun náà gbangba. Ó ṣàlàyé fún mi pé eegun tó bá sán díẹ̀ lè má hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó di bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá tí eegun bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara ẹ̀ ṣe kí ìlà ẹ̀ tó yọ. Ẹkún ni mo sun dé ilé, torí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ń tẹ ibi tó sán fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mi ò bú àwọn tó ń to eegun o, bàbá tó bí bàbá mi ń tò ó, mo sì rí àwọn tó rìn lọ sílé wọn. Ṣùgbọ́n eegun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ bó ṣe rí nínú, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n tò níbẹ̀? Tí ẹnikẹ́ni bá sì fi pákó tàbí aṣọ dì í fún yín tí ọmọ ìka bá tutù, tó dúdú, tó ń ta yín bí iná tàbí tó kú, ẹ má dúró di àárọ̀, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ sì gba ọsibítù lọ. Ẹsẹ̀ ti ti ibẹ̀ bàjẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lára tí wọ́n fi gé e.

Ajíṣafẹ́

Ẹ má bínú o, ṣé ẹ ti bi ara yín wò bóyá ẹ tẹ nǹkan ni? Kí X-ray má rí i, kí ẹsẹ̀ sì máa dùn fún oṣù mẹ́ta. Ẹ wádìí ẹ̀.

Tísà Eré

Bọ̀dá Ajíṣafẹ́, àdúrà ò burú, èmi náà máa ń gbà á lórí àwọn ọmọ kí wọ́n tó wọ pápá. Ṣùgbọ́n kòtò ni wọ́n tẹ̀, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló mọ kòtò náà, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹsẹ̀ ká tó wá ẹni tó ṣe é. Ìbẹ̀rù yẹn ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ẹni tí kò tètè dé ọsibítù.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un nìyí, torí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ léré látọjọ́ pípẹ́ níbí ní Oǹdó. RICE ni wọ́n kọ́ gbogbo wa, pé kí èèyàn sinmi, kó fi yìnyín sí i, kó dì í, kó gbé e sókè. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Gabe Mirkin, ló gbé orúkọ yẹn jáde ní 1978. Òun kan náà ló tún sọ ní 2014 pé yìnyín àti ìsinmi àpọ̀jù lè mú kí ìwòsàn falẹ̀. Mo ṣì máa ń lo yìnyín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ torí pé ó máa ń jẹ́ kí ìrora rọ̀, mo máa ń fi tówẹ̀lì wé e, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tán. Ẹsẹ̀ tó bá kàn rọ́ níbi kókósẹ̀ lásán, mi ò kí í jẹ́ kó jókòó pẹ́ mọ́. Tó bá ti lè tẹlẹ̀ díẹ̀, mo máa ní kó máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ A B D nínú afẹ́fẹ́, kó máa fi ẹsẹ̀ kan dúró nígbà tó bá ń fọ eyín. Àwọn tí kò ṣe èyí ni ẹsẹ̀ wọn máa ń rọ́ lẹ́ẹ̀kejì lẹ́ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n tìyín, Bọ̀dá Télọ̀, ààrin ẹsẹ̀ ni, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ó kọjá tèmi.

Físíò Alágbàká

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, à ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé. Mi ò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín torí náà mi ò ní sọ pé báyìí ló rí, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì: gìgísẹ̀ wà lókè nígbà tí ẹnì kan ṣubú lé e, ààrin ẹsẹ̀ ló ń dùn, àtẹ́lẹsẹ̀ sì dúdú lọ́jọ́ kejì. Oríkèé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lisfranc, orúkọ oníṣẹ́ abẹ ará Faransé kan ni, ibẹ̀ ni àwọn eegun gígùn tó lọ sí ọmọ ìka ti pàdé àwọn eegun kúkúrú ààrin ẹsẹ̀. Iṣan líle kan tó dà bí okùn ló so eegun ọmọ ìka kejì mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Tó bá já tàbí tó fà ju bó ṣe yẹ lọ, ààrin ẹsẹ̀ lè máa ṣí díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àti pé títẹ maṣíìnì yẹn náà, iwájú ẹsẹ̀ lẹ ń fi tì í.

Ìbéèrè mi: ṣé ìdùbúlẹ̀ lẹ wà tàbí ẹ jókòó nígbà tí wọ́n ya X-ray yẹn? Tí ẹrù ara ò bá sí lórí ẹsẹ̀, àlàfo àárín àwọn eegun yẹn lè pa dé, àwòrán á sì mọ́ tónítóní. Bí wọ́n ṣe ń wá a ni pé kẹ́ ẹ dúró, ẹsẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n fi ọ̀tún wé òsì. Tí ìyẹn náà ò bá sọ nǹkan kan tí ìrora ò sì lọ, CT tàbí MRI, àwọn ẹ̀rọ tó ń ya inú ara ju X-ray lọ, ló kàn, kì í ṣe òògùn ìrora mìíràn. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà eegun bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yà á lórí ìdúró, kò sí àrífín níbẹ̀. Ọsibítù ìkọ́ni UNIMED wà níbí ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, FMC, ọsibítù ìjọba àpapọ̀, sì wà ní Ọ̀wọ̀, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń rí àwọn aláìsàn eegun kẹ́ ẹ tó náwó ọkọ̀.

Ti diclofenac, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá a dúró lónìí. Oṣù kan àbọ̀ ti pọ̀ jù láìsí dókítà, àyà tó ń ta yín yẹn, inú ló ń kìlọ̀ fún yín. Ó lè dá ọgbẹ́ sí inú, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, kò sì dáa fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà tàbí tẹ́ ẹ bá ń bì ẹ̀jẹ̀, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì lo ibuprofen pẹ̀lú ẹ̀ o, ìdílé kan náà ni wọ́n. Paracetamol rọrùn fún inú jù ú lọ, àgbàlagbà ò gbọdọ̀ kọjá hóró mẹ́jọ ti 500mg láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, kẹ́ ẹ sì wo ara páálí òògùn òtútù tẹ́ ẹ bá ń lo ìyẹn náà torí paracetamol sábà máa ń wà nínú ẹ̀.

Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ tó ń ka èyí, ẹ má fi omi gbígbóná rẹ ẹsẹ̀ rárá, ẹ lè jó láìmọ̀. Ẹni tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá ṣàdédé wú, tó gbóná, tó ń dùn ún lẹ́yìn ìpalára tàbí POP (ohun funfun líle tí wọ́n fi ń di eegun), ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì níbẹ̀, tí èémí bá sì ń ṣe é gúlegúle pẹ̀lú ẹ̀, kó má sùn sílé.

Aṣáré Òwúrọ̀

Mo fẹ́ sọ tèmi kí ẹlòmíràn má bàa kó gbogbo ẹsẹ̀ dídùn pọ̀ sójú kan. Mo máa ń sáré láàárọ̀ níbi Sports Complex. Tèmi, gìgísẹ̀ ni. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá gbé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tí mo tẹ ìṣó, tí mo bá rìn díẹ̀ á rọ̀, tí mo bá jókòó pẹ́ kí n tó dìde á tún padà. Iṣan gbọọrọ tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ló bínú, ibi tó ti so mọ́ gìgísẹ̀.

Oṣù mẹ́sàn-án ló gbà mí. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù lọ ni pé kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mo máa ń fi ìró kọ́ iwájú ẹsẹ̀, màá fà á síhà ọ̀dọ̀ mi, màá ka ọgbọ̀n, ìgbà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mo máa ń ká tówẹ̀lì sábẹ́ ọmọ ìka lórí àtẹ̀gùn, màá gbé gìgísẹ̀ sókè jẹ́jẹ́, màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kì í ṣe ojoojúmọ́, ọjọ́ kan láàárín ọjọ́ kan. Ike omi tí mo fi sí fìrísà mo máa ń yí i lábẹ́ ẹsẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo sì ju sílípáàsì pẹlẹbẹ tí mo fi ń dáná nù, bàtà tó nípọn ni mo ń wọ̀ nínú ilé, ọkọ mi kọ́kọ́ bínú pé mò ń wọ bàtà wọ yàrá, ó padà yé e. Ẹ máa rọra ṣe é o, oṣù méjì àkọ́kọ́ mi ò rí ìyàtọ̀ kankan, díẹ̀ ló kù kí n pa á tì.

Bọ̀dá Télọ̀, tìyín ò jọ ọ́. Ẹ má ṣe èyí tí mo kọ yìí kí wọ́n tó yẹ̀ yín wò.

Ọmọ Ìdànrè

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un torí ó pẹ́ kí n tó rí ẹni gbà mí gbọ́. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni mo ti ṣèṣe, eegun ti jinná, X-ray sọ pé ó ti jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń jó mi bí ata, ó máa ń pupa, tó bá yá á tutù bí ẹja inú yìnyín, á máa làágùn lóun nìkan, kódà aṣọ ìbora ò gbọdọ̀ kàn án. Àwọn kan ní àṣejù ni. Nígbà tó yá ni dókítà kan sọ fún mi pé iṣan ìmọ̀lára ló ń ké lẹ́yìn tí ọgbẹ́ ti san, pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpalára, CRPS ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹnì kan tó mọ bí omi ṣe jáde lójú mi lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ìbànújẹ́, pé nǹkan náà lórúkọ ni.

Físíò ní kí n máa fi òwú kan ẹsẹ̀ náà ní ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan aṣọ àǹkárá, lẹ́yìn náà tówẹ̀lì, lẹ́yìn náà kànhìnkànhìn tó rọ̀, kí ọpọlọ tún ẹsẹ̀ yẹn mọ̀. Ó falẹ̀ gan-an. Ọdún tó kọjá mo gun Òkè Ìdànrè pẹ̀lú àwọn àbúrò mi, àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta, mo sinmi níbi gbogbo tí ìsinmi wà, ṣùgbọ́n mo dé òkè. Tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá ń ṣe báyìí, ẹ tètè lọ, bó bá ṣe pẹ́ tó ló ṣe máa ń le tó.

Télọ̀ Ọjà Ọba

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti padà dé. Mo kà gbogbo ẹ̀, mo kà á fún ìyàwó mi náà, nígbà tí mo ka ti Mummy Ìbejì tán ó dákẹ́, ó sì kó gbogbo ìpara yẹn kúrò lórí tábìlì.

Òtítọ́ ni, orí ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti ya ti àkọ́kọ́. Mo rí dókítà eegun, mo sọ ọ́ bí Físíò ṣe ní kí n sọ ọ́, kò bínú rárá, òun gan-an ló bi mí pé ta ló kọ́ mi. Ó ní kí n dúró ya òmíràn. Àlàfo ò ṣí, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó fi ìka tẹ ibì kan mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n ya CT. Owó aṣọ ẹbí kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán ló bá a lọ. Wọ́n rí i níbẹ̀: eegun tó ń lọ sí ọmọ ìka kejì, èérún kékeré kan ti ya kúrò lára ìdí ẹ̀ pẹ̀lú iṣan yẹn, kò tíì kúrò níbi tó wà. Ó ní tó bá jẹ́ pé ó ti ṣí ni, iṣẹ́ abẹ ni à bá máa sọ, ó sì lè ṣí síbẹ̀ tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́. POP ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi sí i, mi ò gbọdọ̀ fi tẹlẹ̀ rárá, ọ̀pá abíyá méjì, lẹ́yìn náà kí a tún un yà lórí ìdúró. Mo dá diclofenac dúró, àyà ò ta mí mọ́.

Iṣẹ́ ni mo ń bẹ̀rù jù. Kì í ṣe pé ó rọrùn, mo yá maṣíìnì ọlọ́wọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi àtijọ́, ọmọ iṣẹ́ mi ń tẹ ti iná, èmi ń gé, mo ń pá ọrùn, mo ń ṣe ojú bọ́tìnnì lórí ìjókòó pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí àpótí. Mo dá aṣọ àwọn kan padà. Àwọn kan gba aṣọ wọn, àwọn kan ní àwọn á dúró dè mí. Físíò, ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá tú u, ìgbà wo ni mo lè tẹ maṣíìnì, ìgbà wo ni mo lè gbá bọ́ọ̀lù?

Físíò Alágbàká

Inú mi dùn pé ẹ lọ. Tí wọ́n bá tú u, ẹsẹ̀ á ti rù, kókósẹ̀ á gan, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Dókítà yín ló máa sọ ìgbà tẹ́ ẹ lè tẹlẹ̀. Ẹ béèrè nípa bàtà tí abẹ́ ẹ̀ le tí kò ká, tàbí pádì tó máa gbé ikùn ẹsẹ̀ ró. Maṣíìnì, ẹ fi gìgísẹ̀ àti àárín ẹsẹ̀ lé pẹ́dààlì, kì í ṣe ṣóńṣó ẹsẹ̀ nìkan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ sinmi, tí kò bá dùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un. Bọ́ọ̀lù, mi ò ní fún yín lóṣù. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan dúró lórí ọmọ ìka, gòkè sọ̀ kalẹ̀ tó iye tí òsì lè ṣe, láìsí ìrora, ẹ kọ̀wé sí mi, ká wá bẹ̀rẹ̀ fífò.

Kápútéènì Ọ̀dà Road

A ti kó yẹ̀pẹ̀ dí àwọn kòtò yẹn Sátidé tó kọjá, ẹrù kẹ̀kẹ́ barò mẹ́fà. A ṣì ń wá èèyàn tó máa fọn fèrè fún wa. Ẹ lè jókòó fọn ọ́.

Télọ̀ Ọjà Ọba

Màá wá. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tú POP. Mo ti ní kí ọmọ iṣẹ́ mi bá mi gbọn eruku ara bàtà ọ̀tún, ó ti wà lábẹ́ tábìlì látọjọ́ tí mo ti ń wọ òsì nìkan.